Ohun Tí À Ń Fún Ọmọ Kó Lè Sùn

Lórí fèrèsé yàrá ìyá ọlọ́mọ ní àwọn abúlé tó yí Ìjàyè ká, ìgò kì í wọ́n. Ìgò àgbo tí ìyá àgbà sè wà níbẹ̀, wọ́n fi ọ̀rá dí i lẹ́nu. Grípù wọ́tà tí wọ́n ń fún ọmọ tí inú ń run wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oògùn ikọ́ tàbí oògùn eyín tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kì í gbẹ́yìn. Láìpẹ́ yìí, àlejò mìíràn ti ń dé sáàárín wọn: ike súùtì aláwọ̀ mèremère tí àbúrò bàbá ọmọ fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, tí wọ́n ya òṣùpá tó dijú sí lára. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n fi rán gbogbo wọn: kí ọmọ sùn, kí ìyá rójú sinmi.

A ò lè dá ìyá lẹ́bi. Obìnrin tó jí kí ilẹ̀ tó mọ́, tó lọ wu ẹ̀gẹ́ lóko, tó bó o, tó rù ú dé ibi ẹ̀rọ, tó wá jókòó ti agbada gàrí nínú èéfín títí di ìrọ̀lẹ́, bí ọmọ bá tún ń ké láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí àkùkọ fi kọ, ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá ní ó ń mú ọmọ sùn ni yóò gbà. Àwọn àgbà ní ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun. Ó jọ pé ẹni tó pa òwe yẹn ò tíì bá ọmọ oṣù méjì gbélé, èyí tó sun ọ̀sán gbogbo bí ẹni pé wọ́n sanwó fún un, tó wá la ojú kalẹ̀ lóru.

Ọmọ bẹ́ẹ̀ kò sì ṣàìsàn. Nínú ọpọlọ, ní àárín orí gan-an, ẹ̀yà kékeré kan wà tí kò ju wóró ìrẹsì lọ. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ó máa ń tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní melatonin sínú ẹ̀jẹ̀, òun ló sì ń sọ fún gbogbo ara pé alẹ́ ti lẹ́. Ara ọmọ tuntun ò tíì máa ṣe èyí fúnra rẹ̀. Ó di nǹkan bí oṣù kẹta kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Kó tó dìgbà náà, inú ọmú ló ti ń rí i: wàrà tí ìyá ń fún un lóru ní melatonin nínú, tọ̀sán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní rárá. Ìyá tó bá fún ọmọ lọ́mú lóru nínú òkùnkùn, tí kò tan iná, tí kò bá a ṣeré, ti fún un lóògùn oorun, kò sì ná kọ́bọ̀.

Ó yẹ ká tún mọ iye oorun tó tó. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin nílò wákàtí 14 sí 17 láàárín ọ̀sán àti òru, ọmọ oṣù mẹ́rin sí mọ́kànlá nílò 12 sí 16, ọmọ ọdún kan sí méjì nílò 11 sí 14, ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin nílò 10 sí 13. Èyí tí wọ́n sùn lẹ́yìn ìyá wọn lóko wà nínú rẹ̀. Bí ìyá bá fara balẹ̀ kà á, yóò rí i nígbà mìíràn pé ọmọ tí wọ́n ní kì í sùn ń sùn dáadáa, ó kàn ń sùn ún ní kékèèké ni.

Ọ̀rọ̀ àgbo kò ṣeé fi ẹnu lásán dá nù. Ẹlẹ́wé ọmọ tó mọṣẹ́ mọ ewé, ó sì mọ ọmọ. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ni wàhálà rẹ̀: ewé tí wọ́n já lẹ́yìn òjò àti èyí tí wọ́n já nínú ẹ̀ẹ̀rùn kò le bákan náà, ìkòkò tí wọ́n sè lẹ́ẹ̀kan àti èyí tí wọ́n ń bomi kún fún ọ̀sẹ̀ kan kò sì lè jọra. Ikùn ọmọ ìkókó kéré. Bí wọ́n bá rọ ọ́ lágbo títí ó fi yó, yóò sùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi ló fi yó, àyè ọmú ti lọ. Rírọ yẹn fúnra rẹ̀ léwu, nítorí ohun tí ọmọ tó ń ké bá gbé mì lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ìwádìí ìlera tí ìjọba ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, 29 péré ló ń mu ọmú nìkan. Omi àti àgbo wà lára ohun tó gba ipò ọmú lọ́wọ́ àwọn tó kù.

Èyí tó burú jù nínú ohun ìbílẹ̀ ni àgbo ìtọ̀ màlúù, tí wọ́n ń fi ewé tábà, àlùbọ́sà, aáyù àti efinrin pò, tí wọ́n sì ń rọ ọmọ tí gìrì bá mú. Àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn ti ń yẹ̀ ẹ́ wò láti bí ọdún 1975. Ó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ó sì máa ń dẹ́kun èémí. Ọmọ tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n rọ ọ́ tán kò sùn. Ó dákú ni. Ní ti oyin, kò sí ẹni tó máa ní kí wọ́n má fi tọ́ ọmọ lẹ́nu níbi ìsọmọlórúkọ láìjẹ́ pé àwọn ẹbí kọjú ìjà sí i, ṣùgbọ́n láti 1976 ni àwọn dókítà ní California ti mọ àìsàn kan tí kòkòrò inú oyin lè fi sí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan lára, tí yóò máa sọ iṣan rẹ̀ di ọ̀lẹ títí dé iṣan tí wọ́n fi ń mí. Kí wọ́n fi han ọmọ, kí àwọn àgbà wá lá a.

Grípù wọ́tà ní ìtàn tirẹ̀. William Woodward, oníkẹ́míìsì ní ìlú Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe é ní 1851, ọtí sì wà nínú rẹ̀ fún ọdún tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ẹ lè wá mọ ohun tó ń mú àwọn ọmọ ìgbà náà sùn. Wọ́n ti yọ ọtí kúrò nínú ti òde òní, ṣúgà, omi àti nǹkan òórùn dídùn ló sì pọ̀ jù nínú ọ̀pọ̀ wọn.

Oògùn olómi gan-an ló yẹ ká jókòó tì. Láti Ìjàyè, èèyàn ní láti wọ ọkọ̀ dé Mọ́níyà kó tó máa wá ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn. Ta ló máa ṣe ìyẹn lóru nítorí pé ọmọ ń ké? Oníkẹ́míìsì àdúgbò ni dókítà, ọjà tó sì yá lọ́wọ́ rẹ̀ ni èyí tó ń mú ọmọ dákẹ́ kíá: Piriton, Phenergan, àti oògùn ikọ́ tí ohun tó jọ wọ́n wà nínú rẹ̀. Ara yíyún àti imú ṣíṣàn ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Oorun tí wọ́n ń mú wá jẹ́ ìpalára tó ń bá wọn rìn, àwa la wá sọ ọ́ di iṣẹ́ wọn. Ní 2004, àjọ FDA tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó le jù lọ sára Phenergan pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án, torí pé ó lè dá èémí dúró. Àwọn ọmọ mìíràn a tilẹ̀ gbà á sódì: dípò kí wọ́n sùn, wọ́n á máa sáré kiri yàrá títí di ọ̀gànjọ́.

Ká tiẹ̀ ní oògùn yẹn kò léwu fúnra rẹ̀, omi tí wọ́n fi pò ó ńkọ́? Ẹ wo parasitamọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi sínú oògùn eyín: kì í tètè yọ́ nínú omi lásán. Ilé iṣẹ́ oògùn ní láti lo omi kan tó ki, tó dùn, bíi propylene glycol. Omi mìíràn wà tó jọ ọ́ ní àwọ̀ àti ní adùn, tí owó rẹ̀ sì kéré sí tirẹ̀, diethylene glycol, èyí tí wọ́n ń lò nínú omi bíréèkì mọ́tò. Ẹni tó ra ayédèrú lọ́wọ́ oníṣòwò tí kò níwèé, tí kò sì yẹ̀ ẹ́ wò, ti po májèlé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, àwọn dókítà ní Zaria, ní Èkó àti ní UCH Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí wọn kò tọ̀ mọ́. Wọ́n ń yàgbẹ́ gbuuru, wọ́n ń bì, ara wọn wú, kíndìnrín wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Oògùn eyín kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin ni ọ̀pọ̀ wọn ti mu. Parasitamọ́ọ̀lù ló wà nínú rẹ̀, ilé iṣẹ́ kan ní Èkó ló ṣe é, ayédèrú omi tí mo wí yìí ni wọ́n fi pò ó. Àwọn ọmọ tó kú lé ní 80. Ní 2013, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà méjì lọ sẹ́wọ̀n ọdún méje.

Ohun tó máa ń ká mi lára jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Ní 1990, irú omi yìí kan náà nínú parasitamọ́ọ̀lù ti pa àwọn ọmọ ní Ìbàdàn àti ní Jos. Ọmọ 47 ni àwọn dókítà Jos nìkan kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òfin tó dá NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Nàìjíríà, sílẹ̀ jáde ní 1993. Kì í sì í ṣe ìgbà ìkẹyìn: ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹwàá 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde oògùn olómi mẹ́rin tó ti ilẹ̀ Íńdíà wá, tí wọ́n rí ní Gáḿbíà. Àwọn ọmọ tí ikú wọn rọ̀ mọ́ wọn ń lọ sí bí 70. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ oògùn ikọ́ àti òtútù. Ìkẹrin ni promethazine, èyí tó jẹ́ orúkọ gidi tí Phenergan ń jẹ́. Eyín híhù tí wọ́n torí rẹ̀ ra My Pikin kì í ṣe àìsàn pẹ̀lú. Ó lè jẹ́ kí ọmọ máa yọtọ́, kí inú rẹ̀ máa bí i, kó jí lẹ́ẹ̀mejì lóru. Kì í fa ibà líle, kì í fa ìgbẹ́ gbuuru. Ọmọ tó ní ibà nígbà tó ń hu eyín, ibà ló ní.

Súùtì oorun wá ńkọ́? Melatonin yẹn náà ni wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́, tí wọ́n fi ṣúgà àti èso pò. Aaron Lerner ló kọ́kọ́ rí èròjà náà yọ sọ́tọ̀ ní yunifásítì Yale ní 1958. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fún ọmọ. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1994 sọ ọ́ di ọ̀kan nínú ohun àfikún oúnjẹ, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó dé orí káńtà. Ẹ wo ohun tó ti ibẹ̀ jáde. Ní 2023, àwọn onímọ̀ yẹ irú súùtì bẹ́ẹ̀ 25 wò: ohun tó wà nínú 22 kò bá ohun tó wà lára ike mu. Ìkan lára wọn ní ju ìlọ́po mẹ́ta iye tí wọ́n kọ lọ, òmíràn kò ní melatonin kankan. Ìpè tí àwọn òbí ń pe ibùdó tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ májèlé ní Amẹ́ríkà nítorí ọmọ tó jẹ melatonin jẹ́ 8,337 ní 2012, ó sì ti di 52,563 ní 2021. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọmọ yìí ni ara wọn yá. Márùn-ún wọn ni wọ́n ní láti fi ẹ̀rọ ràn lọ́wọ́ kí wọ́n tó lè mí láàárín ọdún mẹ́wàá yẹn, méjì sì kú. Bí nǹkan bá dùn bí súùtì, ọmọ ò ní jẹ ẹyọ kan ṣíwọ́.

Kì í ṣe pé melatonin kò wúlò fún ọmọ kankan. Àwọn dókítà ń lò ó fún ọmọ tó ní ọ́tísìmù àti irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ tí ọpọlọ wọn kì í jẹ́ kí oorun kùn wọ́n, díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti tún àkókò oorun ọmọ náà ṣe. Fún ọmọ ọdún méjì tó ń wo fóònù ìyá rẹ̀ títí di aago mọ́kànlá, fóònù ni kí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ike náà bá ti wà nílé, kí wọ́n gbé e síbi tí ọmọ ò lè dé. Bí ọmọ bá ti jẹ ẹ́, tí oorun ń gbé e ju bó ṣe yẹ lọ tàbí tó ń bì, ẹ má rọ ọ́ ní epo pupa o. Ẹ gbé ọmọ àti ike náà lọ sí ilé ìwòsàn, kí nọ́ọ̀sì lè mọ ohun tó jẹ àti iye tó ṣẹ́kù.

Èrò tèmi ni pé ìyá gbọ́dọ̀ béèrè ohun tó ń jí ọmọ, kó tó béèrè ohun tí yóò mú un sùn. Ọmọ tó ń họ etí lóru, ó lè jẹ́ etí ló ń dùn ún. Ọmọ tó ń la ẹnu sílẹ̀ hanrun bí àgbàlagbà, kí dókítà wo ọ̀fun rẹ̀. Èyí tó ń yún ìdí ní ọ̀gànjọ́, aràn wẹ́wẹ́ máa ń jáde wá síbẹ̀ lóru láti yé ẹyin. Ibà, ebi, ooru, ẹ̀fọn tó wọlé láti ibi tí nẹ́ẹ̀tì ti ya, gbogbo wọn ló ń dá oorun dúró, kò sì sí ìkankan tí súùtì lè wò nínú wọn. Fún ọmọ tó kàn ń ké láìní ìdí, àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí RIKEN ní Japan kéde ní 2022 pé bí ìyá bá gbé e rìn fún ìṣẹ́jú 5 láìdúró, ẹkún máa ń rọlẹ̀, ọ̀pọ̀ sì máa ń sùn. Kó jókòó gbé e mọ́ra fún ìṣẹ́jú 5 sí 8 sí i kó tó tẹ́ ẹ, nítorí bí oorun ò bá tíì wọra, bí wọ́n bá ṣe ń gbé e kúrò láyà ló máa jí. Kò sí ìyá kan ní Ìjàyè tó máa yà lẹ́nu pé ọmọ tí wọ́n pọ̀n rìn máa ń sùn. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn kì í dúró gbà, torí iṣẹ́ ń dúró dè wọ́n.

Àfikún kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó lè tún oorun ọmọ abúlé ṣe lóòótọ́, irin ni, ìyẹn èròjà tó ń sọ ẹ̀jẹ̀ di pupa. Ìwádìí 2018 tí mo mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ oṣù mẹ́fà sí 59 ní Nàìjíríà, 68 ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Ibà ló ń jẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn kan, aràn ń mu ti àwọn mìíràn, ẹ̀kọ lásán láìsí ẹja tàbí ẹran ló sì dín ti ọ̀pọ̀ kù. Ọmọ tí irin ara rẹ̀ kò tó máa ń ta ẹsẹ̀ lójú oorun, á máa yí gbirigbiri lórí ẹní, á jí ní òwúrọ̀ pẹ̀lú ìbínú. Ní Chile, àwọn onímọ̀ rí i pé àwọn ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó nígbà tí wọ́n wà ní ìkókó, oorun wọn ṣì yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́ wọn nígbà tí wọ́n di ọmọ ọdún mẹ́rin.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má torí èyí sáré ra oògùn ẹ̀jẹ̀. Ní Pemba, erékùṣù kan ní Tanzania tí ibà pọ̀ sí bíi ti ọ̀dọ̀ wa, wọ́n fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ kékeré ní irin lójoojúmọ́ láìyẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Wọ́n ní láti dá apá ìwádìí náà dúró ní 2003, torí pé àwọn tó gba irin ń ṣàìsàn líle, wọ́n sì ń kú, ju àwọn tí kò gbà á lọ. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ apá kan wò, wọ́n rí i pé àwọn tí irin wọn kò tó ní tòótọ́ jèrè rẹ̀, àwọn tí tiwọn ti tó ni ewu wà fún. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní níbi tí ibà bá wà, kí irin má ṣe dá lọ láìsí nẹ́ẹ̀tì àti ìtọ́jú ibà.

Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò ná. Àyẹ̀wò náà kò le, wọ́n á gún ọmọ níka ni, ilé ìwòsàn ìjọba lè ṣe é. Bí nọ́ọ̀sì bá wá fún un ní irin, ẹ má fi tíì lé e, nítorí tíì kì í jẹ́ kí ara gbà á. Ọsàn ló dáa kó fi lé e. Ẹ̀dọ̀, ẹja kékeré tí wọ́n lọ̀ tegungun-tegungun sínú ẹ̀kọ, ẹyin àti ẹ̀wà ni oúnjẹ tó ń bá a ṣiṣẹ́. Bí ìgbẹ́ ọmọ bá dúdú, ẹ má jáyà, bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹ fi oògùn irin náà pamọ́ ju súùtì lọ, nítorí irin tó pọ̀ jù máa ń pa ọmọ. Ẹ má sì retí pé yóò sùn lálẹ́ ọjọ́ kejì: ó lè tó oṣù méjì tàbí mẹ́ta kí irin ara tó kún padà. Ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì bá dá fún àyẹ̀wò kejì ni kẹ́ ẹ gbé e padà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ ọjọ́ ọjà.